Kákádù ní Alágoméjì: Àwọn ẹgbẹ́ olórin tó kọrin níbẹ̀ láyé àwọn ọdún 1960, àti bí ogun ṣe yí ibẹ̀ padà



Níbi ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún bàbá kan ní Maitama níbí lọ́dún tó kọjá, àríyànjiyàn kan ṣẹlẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba oúnjẹ jẹ́ mọ́ àwọn àgbà lẹ́nu. Ọmọ tó ń fi orin sí i fi àwo Roy Chicago kan sí i, ni ara bá ta àwọn bàbá. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí ní Èbúté Mẹ́tà ní òun rántí ilé ijó Kákádù tó wà ní Alágoméjì, ní Yábàá. Ó ní ẹgbẹ́ E.C. Arinze ló ń kọrin níbẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń fun fèrè nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè fun ún bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá kejì tó jókòó tì í ní irọ́ ni. Ó ní òun mọ Alágoméjì bí ẹní mowó, pé ilé ijó tó wà níbẹ̀, Afro-Spot ló ń jẹ́, Fẹlá ló sì ń kọrin níbẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí títí ọtí fi tán lórí tábìlì.

Àwọn méjèèjì ló jàre o. Ilé kan náà ni. Bàbá àkọ́kọ́ ti wà ní Èkó láti ọdún 1961, ó sì ti kúrò níbẹ̀ lọ sí Zaria kí nǹkan tó bàjẹ́. Ọdún 1968 ni èkejì dé Èkó, ogun ti ń jà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí èyí kúrò àti ìgbà tí èyí dé ni ìtàn tí a fẹ́ sọ.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Maitama kúrò ńlẹ̀, torí àwọn ọmọ tí a bí síbí máa ń béèrè pé ṣé ilé ijó wà níbí nígbà yẹn. Kò sí. Láyé àwọn ọdún 1960, ilẹ̀ oko àti abúlé àwọn Gbàgyì ni gbogbo ibi tí à ń pè ní Maitama lónìí. Ìlú tó ń jẹ́ Abuja nígbà náà, òun là ń pè ní Suleja báyìí. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun Murtala Muhammed ṣe òfin tó dá olú-ìlú tuntun sílẹ̀, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 sì ni ìjọba àpapọ̀ kó wá síbí pátápátá. Nígbà tí wọ́n kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà ní Maitama, tí à ń pè ní Nicon-Noga Hilton kó tó di Transcorp Hilton, ayé àwọn ilé ijó tí a ń wí yìí ti kọjá lọ tipẹ́. Yorùbá tó wà lókè Ọya nígbà yẹn, Kano, Jos, Kaduna, Zaria tàbí Minna ló wà. Bí ó bá wù ú kó gbọ́ ẹgbẹ́ olórin ojúkorojú, àfi kó dúró de ìgbà tí wọ́n bá gbé ìrìn-àjò wá sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Sàbó, tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó. Èkó náà la ó tẹ̀lé wọn lọ.

Hòtẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe torí oorun

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ èyí ná. Láyé ìgbà yẹn, bí ẹnì kan bá sọ lálẹ́ Sátidé pé òun ń lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe pé ó fẹ́ lọ sùn. Hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sábà máa ń pe ilé ijó. Yàrá lè wà lókè tàbí lẹ́yìn, àmọ́ àgbàlá àárín ni gbogbo èèyàn ń bá lọ. Wọ́n á fi sìmẹ́ńtì dán ilẹ̀ rẹ̀ kí bàtà lè máa yọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n á to tábìlì àti àga yí i ká, wọ́n á wá kọ́ pèpéle fún àwọn olórin sí apá kan. Òmíràn ò tiẹ̀ lórùlé. Bí òjò bá dé, ijó tú ká nìyẹn.

Bí òwò ibẹ̀ ṣe ń lọ nìyí. Ẹni tó ni ilé máa ń gba ẹgbẹ́ olórin kan sọ́dọ̀, àwọn ni yóò sì máa kọrin níbẹ̀ lọ́pọ̀ alẹ́ nínú ọ̀sẹ̀. Ó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ta bíà, nínú rẹ̀ ló ti ń sanwó fún wọn. Àwọn tó ń fun fèrè, tó ń ta gìtá, tó ń lùlù, owó oṣù ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà bí akọ̀wé. Lọ́pọ̀ ìgbà ni irinṣẹ́ kì í ṣe tiwọn. Fèrè, gìtá, ìlù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ti ọ̀gá ẹgbẹ́ ni tàbí ti onílé ijó. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá bá ọ̀gá jà á kàn gbé fèrè kalẹ̀ sórí àga, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ijó mìíràn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ yìí sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Orin highlife ni olórí oúnjẹ, àmọ́ òun nìkan kọ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá mọ waltz, quickstep, foxtrot, cha-cha àti calypso ò lè pẹ́ ní Èkó, torí onírúurú èèyàn ló ń wọlé. Akọ̀wé ìjọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè wà níbẹ̀, ṣọ́jà wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó yá táì ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tí ayé ń bú ni wọ́n sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n mọ ijó ju gbogbo àwọn tó ń bú wọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí irú ilé ijó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, kó wá Jagua Nana tí Cyprian Ekwensi gbé jáde ní 1961. Tropicana ló pe ilé ijó inú ìwé náà. Ọmọ Ìgbò ni Ekwensi, Minna níbí ni wọ́n sì bí i sí ní 1921. Òun náà mọ ohun tó ń jẹ́ àtìpó.

Àwọn tó la ọ̀nà

Bobby Benson ni ká kọ́kọ́ dárúkọ. Ọmọ Ìkòròdú ni, wọ́n bí i ní 1922. Ó ti ṣe télọ̀, ó ti ja ẹ̀ṣẹ́, ó ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ kó tó dé London. Ibẹ̀ ló ti pàdé Cassandra tó fi ṣaya, àwọn méjèèjì sì jọ padà wá sí Èkó ní 1947. Eré orí ìtàgé ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe: orin, ijó, àwàdà, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ló dá ẹgbẹ́ Jam Session Orchestra sílẹ̀. Orin jazz àti orin òyìnbó ni wọ́n ń kọ. Ìgbà tí E.T. Mensah àti ẹgbẹ́ Tempos rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Gold Coast ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tí àwọn ará Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ṣòkòtò nínú ijó, ni Benson àti àwọn yòókù rí i pé highlife lọjà wà. Orin rẹ̀ nípa awakọ̀ takisí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, ó kọ́ ilé ijó tirẹ̀, Caban Bamboo, sí ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Ilé yẹn ló sọ di Hòtẹ́ẹ̀lì Bobby lẹ́yìn wá.

Bí ẹ bá bi mí, iṣẹ́ tí Benson ṣe jùlọ kì í ṣe orin tó kọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Victor Ọláìyá gba ibẹ̀ kọjá, Roy Chicago gba ibẹ̀ kọjá, Zeal Onyia àti Eddy Okonta tó ń fun fèrè náà gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wo àwọn orúkọ yẹn dáadáa. Èkìtì, Àkókó, apá odò Niger, gbogbo wọn jọ jókòó sórí pèpéle kan, ọmọ Ìkòròdú ni ọ̀gá wọn.

Ọ̀rọ̀ Ọláìyá kan àwa àtìpó gan-an. Ará Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ní Èkìtì ni bàbá àti ìyá rẹ̀, àmọ́ Calabar ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1930. Olówó ni bàbá rẹ̀. Ilé àwọn Ọláìyá ní Tinubu, tí wọ́n ń pè ní Ìlọ́jọ̀ Bar, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, kí wọ́n tó wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 lójú gbogbo wa. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ lọ ka ìwé ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà, ó kọ̀, ó gbé fèrè. Ní 1954 ló dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ló kọrin níbi ijó ìjọba nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá ní 1956, àwọn náà ló kọrin nígbà òmìnira ní 1960 àti nígbà tí a di orílẹ̀-èdè olómìnira aláàrẹ ní 1963. Kò rọrùn bí ẹ ṣe rò ó. Ẹgbẹ́ Edmundo Ros láti London ni àwọn aláṣẹ fẹ́ pè wá kọrin òmìnira, àfìgbà tí àwọn olórin Nàìjíríà fi ẹ̀hónú hàn pé kí làwọn ń ṣe nílé. Ọdún 1960 yẹn náà ni Louis Armstrong wá sí Èkó, tí àwọn afunfèrè wa fi ojú ara wọn rí ọ̀gá tí wọ́n ń gbọ́ lórí àwo.

Roy Chicago ní tirẹ̀, John Akíntọ́lá Adémúwàgún ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Ìkàrẹ́. Abalabi Rhythm Dandies ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́, láti ara hòtẹ́ẹ̀lì Abalábí ní Múṣín. Ohun tó ṣe tí kò ní ṣeé gbàgbé ni pé ó gbé gángan wọ inú highlife. Kó tó ṣe é, ìlù òyìnbó àti kóńgà ló wọ́pọ̀ lórí pèpéle. Ó fi gángan sí i, ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í bá fèrè sọ̀rọ̀, àwọn tó ti rò pé highlife jẹ́ ti ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í dìde jó. Èmi fúnra mi, bí mo bá gbọ́ ọ, mi ò lè jókòó.

Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Eddy Okonta àti ẹgbẹ́ Top Aces wà ní Paradise Hotel. Orlando Julius Èkéèmọ̀dé, ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà yẹn, wà ní Independence Hotel pẹ̀lú ẹgbẹ́ Modern Aces. Orin rẹ̀ kan ń jẹ́ Jagua Nana bíi ti ìwé yẹn. Ní 1966 ló gbé àwo Super Afro Soul jáde, ó sì ti ń po soul àwọn ará Amẹ́ríkà mọ́ highlife kí ọ̀pọ̀ tó ronú kàn án.

Ta ló ń kọrin ní Kákádù?

Alágoméjì ò jìnnà sí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń gbé ní Èbúté Mẹ́tà, kò jìnnà sí Yábà Tẹ́ẹ̀kì, bẹ́ẹ̀ ni Yunifásítì Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 wà ní Akọ́kà lápá kejì. Ẹni tó bá ṣí ilé ijó síbẹ̀ kò nílò kó máa pariwo pé ẹ wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, E.C. Arinze ni Kákádù, Kákádù ni E.C. Arinze. Afunfèrè ni, ọmọ Ìgbò, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó mọ́ tónítóní jùlọ ní gbogbo Èkó. Wọ́n á wọ kóòtù kan náà, wọ́n á tò lẹ́sẹẹsẹ, kò sẹ́ni tó ń ṣi ìró fun. Stephen Osita Osadebe, tó wá di àgbà olórin ní ilẹ̀ Ìgbò lẹ́yìn wá, ọmọdékùnrin akọrin ló jẹ́ lábẹ́ Arinze.

Bàbá tó ṣiṣẹ́ rélùwéè yẹn sọ fún wa pé ohun tó ya òun lẹ́nu nígbà tí òun kọ́kọ́ dé Èkó láti abúlé ni èdè. Lóru kan ṣoṣo, ẹ lè gbọ́ orin Yorùbá, Ìgbò, Ẹ́fíìkì, Ẹ̀dó àti orin pijin, láti ẹnu ẹgbẹ́ kan náà. Ọmọ Ìgbò á kọ orin Yorùbá, àwọn Yorùbá á máa gbe orin Ìgbò tí wọn ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè. Ọjà ni. Bí ẹ bá kọ orin èdè kan ṣoṣo, àwọn oníbàárà tó kù á gba ilé ijó kejì lọ. Victor Uwaifo tó ń ṣiṣẹ́ ní tẹlifíṣọ̀n Èkó, tó tún ń bá àwọn ẹgbẹ́ ta gìtá, fi èdè Ẹ̀dó kọ Joromi ní 1966, gbogbo Nàìjíríà jó o. Cardinal Rex Lawson wá láti apá Port Harcourt pẹ̀lú orin Kalabari, àwọn ará Èkó gbà á bí ẹni pé ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan padà dé láti London ní 1963, Fẹlá Ransome-Kuti, tó lọ kọ́ orin ní Trinity College. Kó tó lọ ní 1958, ó ti bá ẹgbẹ́ Ọláìyá kọrin. Ó gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò NBC, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó kó Koola Lobitos jọ. Benson Idonije, tí òun náà wà ní NBC, ló ṣe máníjà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Tony Allen ló ń lùlù: bàbá rẹ̀ Yorùbá, ìyá rẹ̀ Ewe, ó sì ti gba ẹgbẹ́ Ọláìyá kọjá. Igo Chico ń fun saxophone, Tunde Williams ń fun fèrè kékeré, Lékan Animaṣahun wọlé ní nǹkan bí 1965 kò sì kúrò lẹ́yìn Fẹlá mọ́. Kákádù wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọrin.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé orin wọn ò tà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé láti ọjọ́ kìíní ni ayé ti ń wárí fún Fẹlá. Jazz pọ̀ jù nínú highlife rẹ̀. Àwọn èèyàn á jókòó wò wọ́n, wọ́n á yìn wọ́n pé wọ́n mọ orin, wọ́n á wá lọ sí ibi tí Roy Chicago wà lọ jó. Ìgbà tó tún le sí i ni ìgbà tí Geraldo Pino dé láti Sierra Leone pẹ̀lú ẹgbẹ́ Heartbeats rẹ̀, tó ń kọ orin James Brown bí ẹni pé James Brown ló wà níwájú yín. Irinṣẹ́ tirẹ̀ tuntun, ariwo rẹ̀ ga, àwọn ọ̀dọ́ sá tẹ̀lé e.

Àwọn àga tó ṣófo

Oṣù Kìíní ọdún 1966 ni ìdìtẹ̀gbàjọba àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Oṣù Keje, òmíràn. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n pa àwọn ọmọ Ìgbò ní àwọn ìlú òkè Ọya, àwọn ìlú tí àwa náà ń gbé. Àwọn kan lára àwọn bàbá wa rí i. Àwọn tó ṣẹ́ kù bẹ̀rẹ̀ sí í sá padà sí ilẹ̀ wọn, ẹ̀rù sì mú àwọn tó wà ní Èkó náà kẹ́rù. Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni Ojukwu kéde Bìáfúrà. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje. Ọkọ̀ òfuurufú Bìáfúrà tiẹ̀ wá ju bọ́ǹbù sí Èkó lọ́dún náà. Ta ló fẹ́ jókòó sí àgbàlá tí kò lórùlé lóru?

Ìgbà yẹn ni pèpéle àwọn ilé ijó Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fun fèrè dáadáa ní Èkó jẹ́ ọmọ apá Ìlà-Oòrùn. Ẹgbẹ́ tó ní èèyàn méjìlá lọ́jọ́ Sátidé lè di mẹ́fà nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá fi parí. Roy Chicago náà ò bọ́ nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ rú nígbà ogun, kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́. Ọláìyá gba ipò ọ̀gá ológun ọlọ́lá, ó ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kọrin fún àwọn ọmọ ogun ìjọba. Rex Lawson wà lápá kejì, ó kọrin kí Bìáfúrà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba ilẹ̀ wọn, ó kọ orin yin Gowon. Àwọn kan máa ń fi èyí bú u. Èmi ò ní bá wọn bú u. Ẹni tí ìbọn wà níwájú rẹ̀ tó tún wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Àna bàbá ọlọ́jọ́ ìbí, ọmọ Ìgbò kan tó jókòó sí tábìlì yẹn, ò dá sí ìjà Kákádù àti Afro-Spot látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ ogun ló tó lanu. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń fun fèrè ní ilé ijó kan ní Èkó. Ó kúrò ní 1966 pẹ̀lú àpótí aṣọ kan. Fèrè kì í ṣe tirẹ̀, ti onílé ijó ni, ó gbé e kalẹ̀ síbẹ̀. Ogun parí, kò rówó ra òmíràn, kò sì padà sí Èkó. Ó lọ ń ta páàtì ọkọ̀ ní Onitsha títí tó fi kú. Ó ní àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ̀ pé bàbá wọn fun fèrè rí, àfi ìgbà tí wọ́n rí fọ́tò níbi òkú rẹ̀.

Orúkọ tuntun

Inú àkókò yẹn ni Fẹlá gba Kákádù. Ní nǹkan bí 1968 ló pe ibẹ̀ ní Afro-Spot. Ọdún yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe orin rẹ̀ ní afrobeat. Ilé tí Arinze ti ń fi kóòtù àti táì fun highlife wá di ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń wá ohun tuntun. Àwọn onísoul bíi Segun Bucknor náà ti ń dìde. Ní 1969, Fẹlá kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ìyà jẹ wọ́n níbẹ̀ bí oṣù mẹ́wàá, àmọ́ ibẹ̀ ló ti pàdé Sandra Smith tó la ojú rẹ̀ sí ìtàn ìjàgbara àwọn aláwọ̀ dúdú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ó gbé àwo kan jáde ní Los Angeles, Viva Nigeria, tó fi ń rọ̀ wá pé ká jọ wà pọ̀. Fẹlá kan náà tó wá di alátakò ìjọba nìyẹn o! Ogun parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970. Ó padà dé lọ́dún náà, ó ń kọrin ní Afro-Spot, kó tó kó lọ sí Empire Hotel ní Ìdí-Òrò tó sọ di Shrine.

Àwọn tó rí èrè jùlọ níbi àga tó ṣófo ni àwọn onijùjú. Inú òde àríyá ni jùjú ti ń jẹun tẹ́lẹ̀. I.K. Dairo ti gba oyè MBE ní 1963, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n káàkiri, àmọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ṣì ń wo jùjú bí orin àwọn ará oko. Nígbà tí fèrè dákẹ́, gìtá àti gángan gba ibẹ̀. Ebenezer Obey tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964 ń ga sí i. Sunny Ade kúrò nínú ẹgbẹ́ highlife Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Baba Sala, ó dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ilé ijó Àríyá ní Jíbówú, ní Yábàá kan náà. Dele Ojo ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín, tó ti wà lọ́dọ̀ Victor Ọláìyá, ti ń po jùjú mọ́ highlife kí ogun tó dé. Ohun tí a sì ń jó níbi ìnáwó ní Abuja lónìí, láti ọdún wọ̀nyẹn ló ti wá.

Mo fẹ́ràn jùjú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ orin èdè kan ni. Láti ìgbà náà, Yorùbá ń jó tirẹ̀, Ìgbò ń jó tirẹ̀ ní Onitsha àti Enugu. Ká má gbàgbé pé kí ogun tó parí pàápàá ló kan àwa náà. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ẹ̀jìgbò àti Ọ̀fà tó ti bímọ lọ́mọ ní Kumasi àti Accra di ẹrù lórí. Ghana tí highlife ti wá nìyẹn.

Ní 2013, agbẹjọ́rò àgbà kan, Uche Nwokedi, gbé eré orí ìtàgé kan jáde ní Èkó tó pè ní Kakadu, ó fi àwọn orin ìgbà náà sọ ìtàn ọ̀rẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ogun tú ká. Wọ́n ti gbé e lọ títí dé South Africa. Ẹni tó bá láǹfààní láti wò ó, kó mú àwọn ọmọ rẹ̀ dání.

Níbi tábìlì yẹn, a sọ fún àwọn bàbá méjèèjì pé ilé kan náà ni wọ́n ń wí. Bàbá rélùwéè dákẹ́ díẹ̀. Ó wá kọjú sí èkejì rẹ̀, ó bi í pé, "Nígbà tí ìwọ wá débẹ̀, Arinze ńkọ́?"

Èkejì ní, "Mi ò bá a níbẹ̀."